Ọkùnrin Tí Kì Í Dáhùn Lẹ́nu Iná

Iná ni Àsíátù kọ́kọ́ rí kó tó rí èèyàn. Iná búlúù tín-ín-rín kan tó ń sú fèé lábẹ́ igi mángòrò. Ẹni tó mú iná náà dání lóṣòó sílẹ̀, gọ́gù dúdú bo ojú rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ti jó níbi púpọ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni ò ṣeé dárúkọ. Ó ní ẹ́ńjìnnì bíi ti alùpùpù, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ nà síwájú gbọọrọ, bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì títì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Àsíátù wí.

Ọkùnrin náà ò dáhùn.

Àsíátù rò pé ariwo iná ni ò jẹ́ kó gbọ́. Ó sọ irin tó rù kalẹ̀, ó sún mọ́ ọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá!"

Kò dáhùn síbẹ̀.

Ẹni tó bá gbé Bwari, nítòsí Àbújá, lọ́dún 1986 mọ̀ pé ìkíni ni ìlú náà fi ń mí. Àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ á kí ara wọn títí wọn ó fi kọjá ara wọn. Àwọn Hausa á máa pín sànnu àti yauwa fún tọmọdé tàgbà. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti Yorùbá tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí Yorùbá gbọ́ ẹ kú iṣẹ́ kó má dáhùn, àfi kó jẹ́ adití, tàbí kó jẹ́ pé wọn ò kọ́ ọ nílé.

"Kai!" ni Àsíátù wí. "Ẹ kú iná o. Ẹ kú ìgbéraga."

Iná náà ń jó lọ ní tirẹ̀. Ó lọ títí ó fi dé òpin ibi tó ń jó, ọkùnrin náà sì yí gáàsì pa. Ó bọ́ gọ́gù, ó dìde, ó tẹ orí ba.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ kí mi," ló wí. "Ẹ ṣé. A dúpẹ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ẹ kú ìgbéraga. Ẹ kọ́ mi."

Àsíátù ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti dé kó tó lè dá a dúró.

Láníyì lorúkọ ọkùnrin náà, ajórin ni, agbo ilé alágbẹ̀dẹ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sì ti bí i. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá náà fi lé e lọ́wọ́: bí irin méjì bá ń fẹ́ra wọn lẹ́nu iná, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ la ẹnu, torí èémí á kó sáàárín wọn, ojú ibẹ̀ á sì lu. Bí ìyàwó pè, bí ọba pè, ó di ìgbà tí ojú irin bá padé.

"Ṣé òótọ́ ni pé ó máa ń lu?" ni Àsíátù bi í.

"Mi ò mọ̀. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ wò rí."

Irin tí Àsíátù gbé wá ni ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀rọ tí òun àti bàbá rẹ̀ fi ń rán awọ. Ó ti kán sí méjì. Láníyì fi idẹ jó o, Àsíátù sì jókòó sórí táyà kan, ó ń wo bí idẹ ṣe ń yọ́ wọ ojú kíkán náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà tó parí, ó fi ojú tọ́ka sí ohun ọlọ́rùn gígùn yẹn.

"Kí nìyẹn?"

"Alùpùpù ni."

"Irọ́ ni. Mo mọ alùpùpù."

"Òyìnbó kan ní kámpù àwọn tó ń la títì ló lẹ àwòrán irú ẹ̀ mọ́ ògiri. Ṣọ́pà ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í lọ rà á lódindi. Ẹni tó bá wù ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é, á bá ara ẹ̀ mu. Látìgbà tí mo ti rí i ni mi ò ti sùn dáadáa."

"Ó dà bí àgùnfọn," ni Àsíátù wí.

Bó ṣe di orúkọ nìyẹn. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo Bwari ti ń bi Láníyì pé, Àgùnfọn ńkọ́, ṣó ti ń jẹun?

Bàbá Àsíátù ni Sàkáríyà, oníṣọ̀nà awọ láti Ọ̀yọ́. Àdúgbò Ìsọ̀nà ni wọ́n ti ń rán tìmùtìmù nílé wọn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Àbújá. Ìgbà tí ìjọba ń kó ọ́fíìsì bọ̀ wá sí olú-ìlú tuntun, Sàkáríyà rí i pé gbogbo ọ̀gá tó ń bọ̀ ló máa fẹ́ jókòó, ló bá kó ọ̀bẹ àti ìlu tó fi ń dá awọ lu, ó mú Àsíátù dání, wọ́n tẹ̀dó sí Bwari. Ìyá Àsíátù ti kú kí wọ́n tó kúrò nílé. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan, Mùfúlíátù, wà nítòsí wọn, ó sì gbà pé òun ni ìyá rẹ̀ báyìí, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gba iṣẹ́ náà.

Ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀rọ ò kán mọ́. Síbẹ̀, Àsíátù ń rí ìdí tí yóò fi gba abẹ́ mángòrò kọjá. Tó bá di lẹ́yìn ìrun alásárì, tí Láníyì ti tún bárò àti géètì onígéètì ṣe tán, á wá kọjú sí Àgùnfọn, Àsíátù á sì ti wà lórí táyà rẹ̀.

Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ páìpù ọwọ́ ọkọ̀. Láníyì rọ yanrìn gbígbẹ kún inú páìpù náà, ó fi igi dí i lẹ́nu méjèèjì, kó má bàa wó nígbà tí iná bá mú un. Àsíátù di apá kan mú.

"Ẹ rọra. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Má gbọ̀n. Tí o bá gbọ̀n, ọwọ́ kan á ga ju èkejì, gbogbo ìlú á sọ pé Àgùnfọn rọ lápá."

"Mo máa sọ fún wọn pé bó ṣe wu ọ̀gá nìyẹn."

Ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tì í jáde. Fọ́ọ̀kì iwájú ti gùn jù. Láníyì fẹ́ yà sọ́tùn-ún lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ náà kọ̀, ó gbé e gbọnrangandan wọ oko àgbàdo bàbá Gbagyi kan. Bàbá náà dúró, ó wo alùpùpù, ó wo àgbàdo, ó ní "Sànnu." Láníyì dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè. Àsíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Láníyì gé fọ́ọ̀kì náà kúrú, ó tún un jó.

"Ibo lẹlòmíì máa jókòó sí?" ni Àsíátù bi í nígbà kan.

"Ẹlòmíì wo?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, ẹ ò mọ̀?"

Láníyì wo ẹ̀yìn Àgùnfọn fún ìgbà díẹ̀. Táyà nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí àyè fún ẹyẹ. Ìgbà tí Àsíátù máa padà wá, ó ti gé irin ẹ̀yìn, ó ti fà á gùn, ó sì ti jó irin ìfẹ̀yìntì mọ́ ọn. Ó wá ń fọwọ́ pa gọ́gù rẹ̀.

"Àbẹ̀ní," ló wí. Oríkì rẹ̀ nìyẹn, Mùfúlíátù ló sì tú àṣírí rẹ̀ fún un. "Ṣé ó gbà ọ́ báyìí?"

Kí ọyẹ́ tó wọlé, Àsíátù ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Kò bá ara rẹ̀ jiyàn lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíì wà ní Bwari tó fẹ́ràn Àsíátù. Tájù ni, ọmọ Ìsẹ́yìn, típà tó ń kó òkúta lọ sí olú-ìlú ló ń wà. Èèyàn dáadáa ni, kò sí iyàn níbẹ̀. Tájù kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Sàkáríyà kọjá láìsọ̀kalẹ̀. Á dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, á kí Àsíátù kú iṣẹ́, á kí Mùfúlíátù kú ìjókòó, bí àyè bá sì wà, á kí àga tí wọ́n ń rán lọ́wọ́. Inú Sàkáríyà máa ń dùn tó bá ti gbọ́ ìró típà náà.

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn," ni bàbá máa ń sọ.

Mùfúlíátù ló gbé ọ̀rọ̀ Láníyì dé iwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ alágbẹ̀dẹ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ń kírun. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ yín sì fẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa."

Sàkáríyà ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe kírun tán, ó ní kí Mùfúlíátù máa bọ̀, káwọn lọ wo ojú ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Àsíátù wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò mọ̀ pé wọ́n gba ibẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n padà dé ló mọ̀.

Bàbá rẹ̀ kọjá lára rẹ̀ wọ inú ilé lọ. Mùfúlíátù gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Àsíátù, kí lo kó wa lọ bá? Bàbá rẹ dúró tì í, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ náà ò dáhùn. Ó ní a kí yín o. Kò dáhùn. Bàbá rẹ wá sọ pé Àsàláámù àlàékúmù. Sàláámù ni o, Àsíátù! Sàláámù tí kèfèrí pàápàá máa ń dáhùn! Ó kàn ń fi iná jó irin lọ. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì!"

"Mo gbé!" ni Àsíátù wí. "Mi ò sọ fún Bàba."

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti mọ́ òun gan-an lára débi pé kò rántí mọ́ pé ó yẹ kí wọ́n kìlọ̀ fún àlejò. Ó ti ń jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni jókòó sábẹ́ òjìji.

Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí Láníyì fi sáré dé, gọ́gù ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ó na ara rẹ̀ sínú eruku lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, Sàkáríyà sì ti jáde wá jókòó sídìí awọ rẹ̀.

"Wà àlàékúmù sàláámù, bàbá. Ẹ ṣé, bàbá. A dúpẹ́, bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ kí mi, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀."

"O gbọ́?" Sàkáríyà ò gbójú sókè. "Ṣebí mo ti fẹ́ gbà pé etí rẹ ló di. Ìkíni tó ti tutù, a kì í gbé e padà sórí iná."

Láníyì ṣàlàyé. Ó sọ ti bàbá bàbá rẹ̀, ó sọ ti èémí àti ojú irin, ó ní ọrùn Àgùnfọn lòun ń jó, bí ibẹ̀ bá sì lu, á kán lójú títì, á pa èèyàn. Sàkáríyà gbọ́ ọ tán, torí kì í ṣe òǹrorò èèyàn.

"Èmi náà oníṣẹ́ ọwọ́ ni," ló wí. "Tí mo bá ń gé awọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìjókòó mi. Ọjọ́ tí ìyá ọmọ yìí pè mí kẹ́yìn, awọ ni mò ń gé. Mo sọ ọ̀bẹ nù, mo sáré wọlé, mo bá a lójú ayé. Awọ yẹn bàjẹ́. Mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe mọ́." Ó gbójú sókè. "Ìwọ ńkọ́? Tí ọmọ mi bá ń rọbí nínú yàrá, tó ń pariwo orúkọ rẹ, irin ni wàá kọ́kọ́ jó tán?"

Láníyì la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

"Ṣó o rí i? Kò sí iná lọ́wọ́ rẹ báyìí, o ò sì rí èsì. Mi ò lè fi ọmọ fún ẹni tí irin ṣáájú èèyàn lójú ẹ̀. Dìde, eruku ti bà ọ́ láṣọ jẹ́."

Ìbínú bàbá ìbá rọrùn fún Àsíátù. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ bàbá tó ń bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ ti wọ òun náà lára. Ó rántí gbogbo ìgbà tó ti jókòó sórí táyà yẹn tó ń dúró kí irin parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ti ń pe ìyẹn ní sùúrù. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé títí ìgbà wo?

Kò lọ sábẹ́ mángòrò mọ́. Láníyì wá lẹ́ẹ̀mejì, Mùfúlíátù sì dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó fún un lómi tútù mu, nítorí ó ń káàánú rẹ̀. Ọyẹ́ bo òkè Bwari débi pé èèyàn ò rí orí àpáta mọ́. Típà Tájù ń dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù bó ṣe máa ń dúró. Nígbà tó yá, Sàkáríyà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé àwọn ẹbí Tájù ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fẹ́ wá tọrọ rẹ̀.

"Mi ò fi ipá mú ọ," ló wí. "Wọ́n á bi ọ́ lójú gbogbo wa. Ohun tí o bá sọ la máa gbà."

"Àǹtí, kí ni kí n sọ?" ni Àsíátù bi Mùfúlíátù lẹ́yìn náà.

"Ta ló fẹ́ lọ ilé ọkọ, èmi àbí ìwọ? Lọ bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn."

Ọ̀sán Sátidé ló lọ.

Tánkì epo Àgùnfọn ni Láníyì ń jó. Irin dúdú ló fi òòlù lù lórí kùkùté igi tí wọ́n gbẹ́ nínú, ó lù ú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, títí ó fi di ìlàjì méjì bí igbá tí wọ́n là. Ó ti wá pa wọ́n dé, ó ń fi idẹ lẹ̀ wọ́n láti iwájú lọ sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí wọn kì í dá dúró ni. Bí iná bá kúrò láàárín kan, irin á ká, gbogbo lílù yẹn á di òfo.

Àsíátù rí i pé iná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé kóun jókòó dúró, bó ṣe máa ń ṣe. Ó kọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Láníyì," ló wí. "Mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi. Mi ò wá kí yín. Àwọn ẹbí Tájù ń bọ̀ lọ́la, wọ́n á bi mí bóyá mo gbà. Kò sí ọkùnrin tí mo fẹ́ láyé yìí bíi tiyín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni màá máa dúró kí irin parí, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Iná ń sú. Idẹ ń yọ́. Gọ́gù dúdú yẹn ò yí síbì kankan. Ìdajì tánkì ṣì kù.

Àsíátù dúró díẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì yí padà. Ó ti dé etí títì, ó ń dúró kí ọkọ̀ kan kọjá, nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn.

"Àbẹ̀ní!"

Ó yíjú. Iná ṣì wà lórí irin. Láníyì ò gbé ojú kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti là.

"Má gbà! Sọ fún wọn pé o ti ní ọkọ. Sọ pé èmi ni. Má lọ, Àbẹ̀ní, dúró. Ìbéèrè tí bàbá bi mí lọ́jọ́sí, mo ti rí èsì ẹ̀. Tí o bá pè mí, màá dáhùn. Kí irin máa lu. Kó kán. Irin pọ̀ nílẹ̀, màá tún òmíì lù."

Àsíátù ti ń bọ̀. Ẹnu tí wọ́n ti ń pa mọ́ látìgbà èwe wá là tán, kò sì mọ bó ṣe máa padé mọ́. Láníyì sọ̀rọ̀ dé ìparí tánkì náà. Ó ní ọjọ́ ẹ kú ìgbéraga yẹn, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sórí iná. Ó ní ìgbà tó bi òun pé ibo lẹlòmíì máa jókòó, òun ò sùn. Ó ní láti ọjọ́ tí kò ti wá mọ́, orí táyà yẹn lòun ń wò, òun sì ti jó ìka ara òun lẹ́ẹ̀mejì. Àsíátù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èwo ni kóun mú. Nígbà tí iná kú, ọkùnrin náà bọ́ gọ́gù, ojú òun náà ti rin.

"Mo ti sọ̀rọ̀," ló wí, ẹ̀rù sì wà lóhùn rẹ̀.

"Mo gbọ́," ni Àsíátù wí. "Ẹ ṣé."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún bàbá rẹ̀.

"Ó dáhùn?" Sàkáríyà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Lẹ́nu iná?"

"Lẹ́nu iná, Bàba. Ojú mi ló ṣe."

Sàkáríyà ò rán nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àárọ̀ Àìkú, kí àwọn àlejò tó dé, ó wọ bàtà, ó ní kí Àsíátù tẹ̀ lé òun. Ó dúró lókèèrè, ó kọ́kọ́ wò ó bóyá iná wà nílẹ̀. Kò sí. Omi ni Láníyì ń rọ sínú tánkì, kó lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Ó rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Iṣẹ́ ni mo wá wò."

Sàkáríyà fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ náà, bó ṣe máa ń tọ ojú rírán lára awọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ó ń dán, ó ń lọ geere. Ó dé àárín, ìka rẹ̀ dúró. Ó gbé e sókè, omi wà níbẹ̀. Ihò kékeré kan ni, abẹ́rẹ́ lásán ló lè wọ̀ ọ́.

"Kí ló ṣe ibí?"

"Ibẹ̀ ni mo ti dáhùn, bàbá."

"Ẹnu tó là ló lu ú, àbí ọwọ́ tó gbọ̀n?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan náà làwọn méjèèjì ṣẹlẹ̀."

"Ó ṣeé dí?"

"Ó ṣeé dí. Àmọ́ àpá ẹ̀ ò ní lọ."

Sàkáríyà wo omi orí ìka rẹ̀ pẹ́. Àsíátù mọ ohun tó ń rántí. Odindi awọ kan tó bàjẹ́ ní Ọ̀yọ́, lọ́jọ́ tó sọ ọ̀bẹ nù. Ó nu ìka náà mọ́ agbádá rẹ̀.

"Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," ló wí.

"Ẹ ṣé, bàbá!" Láníyì tún ti wà nílẹ̀. "Ẹ ṣé. A dúpẹ́ o, bàbá."

"Ó tó. O kì í dáhùn, o wá fẹ́ dáhùn pa mí." Sàkáríyà ti lọ sẹ́yìn Àgùnfọn, ó ń fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ wọn irin ìjókòó. "Ẹni méjì ni, àbí? Awọ ewúrẹ́ pupa ló máa yẹ ẹ́. Tiwájú á rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ẹni ẹ̀yìn lè máa rí ọ̀nà."

Àwọn ẹbí Tájù dé lọ́sàn-án. Wọ́n bi Àsíátù, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ti ní ọkọ. Tájù dìde, ó sì lọ láìkí ẹnikẹ́ni, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dun Àsíátù. Ṣùgbọ́n kó tó di ìparí oṣù, típà tún dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, Tájù sọ̀kalẹ̀, ó kí bàbá kú oríire, ó kí Àsíátù, ó wo ìjókòó pupa tí wọ́n ń rán, ó sì kí òun náà.

Wọ́n so yìgì wọn ní mọ́sálásí Bwari nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kò sí ariwo púpọ̀. Lẹ́yìn àdúrà, Láníyì ti Àgùnfọn jáde lábẹ́ mángòrò, ó ṣíná sí i, Àsíátù sì gun ẹ̀yìn, Mùfúlíátù ń kígbe pé kó di ọkọ rẹ̀ mú dáadáa. Wọ́n yà sọ́tùn-ún lẹ́nu ọ̀nà láìwọ oko ẹnikẹ́ni. Bàbá Gbagyi yẹn dúró nínú ebè rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, ó ṣe tán láti sá, kò wá pọn dandan. Wọ́n gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ òkè lọ títí ìró ọkọ̀ náà fi kú létí ìlú.

Láníyì fi idẹ dí ihò náà. Ó yọ síta bíi hóró àgbàdo, kò sì fi ayùn irin rẹ́ ẹ kúrò. Àwọn ajórin tó bá wá wo Àgùnfọn á fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní, ọ̀gá, irú iṣẹ́ yìí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi eléyìí sílẹ̀? Á kàn rẹ́rìn-ín.

Òfin bàbá bàbá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí iná bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kí i títí di ọ̀la, irin ni yóò kọ́kọ́ parí. Ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Bwari ló lè pè é lẹ́nu iná kó dáhùn. Àsíátù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, á sọ agbọ̀n oúnjẹ kalẹ̀, á jókòó sórí táyà rẹ̀, á sì pa ẹnu mọ́ títí ojú irin á fi padé.